Ààrò Tí Màmá Mi Fi Amọ̀ Ògán Mọ

Lọ́jọ́ tí Dáre yọ pákó tí wọ́n fi dí ihò iná tó wà nínú pálọ̀ mi, òórùn kan jáde látinú ògiri náà tí mi ò gbọ́ mọ́ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Kì í ṣe òórùn èéfín, nítorí ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti dáná níbẹ̀ gbẹ̀yìn. Òórùn eérú tí omi ti wọ̀ ni, eérú àtijọ́ tó dì bí ẹ̀kọ tútù. Mo di ẹ̀yìn àga mú. Dáre rò pé eruku ló ń yọ mí lẹ́nu, ó ní, "Mummy, ẹ lọ jókòó ní kitchen, màá pè yín." Mo ní kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ, pé kò sí ohun tó ṣe mí. Ṣùgbọ́n mi ò sí ní Woolwich mọ́. Mo ti dé Ìkirè, ní ìdí ààrò màmá mi, pẹ̀lú àpáàdì lọ́wọ́.

Ilé tí mò ń sọ yìí wà ní òpópó kan tí kò jìnnà sí Woolwich Common. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fi rà á, nígbà tí àwọn ojúlùmọ̀ mi kan ń sọ pé obìnrin tí ọkọ ẹ̀ ti kú kì í dá ilé rà nílùú òyìnbó. Mo dá a rà. Púpọ̀ nínú àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ṣì ń gbé ilé àyágbé títí dòní, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé mi ò mọ̀. Àwọn tó kọ́ ilé náà láyé àtijọ́ fi bíríkì ṣe ihò iná sínú pálọ̀. Àwọn tó wá lẹ́yìn wọn fi pákó dí i, wọ́n sì gbé hítà onígáàsì síwájú ẹ̀. Nígbà tí hítà náà kú, mo pinnu pé sítóòfù onígi ni màá fi sínú ihò náà, irú èyí tí wọ́n fi irin ṣe, tó ní ilẹ̀kùn gíláàsì, tí ìjọba fọwọ́ sí pé èéfín ẹ̀ kò pọ̀. Dáre, tí wọ́n bí ní London yìí, tí ìyá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, ni wọ́n júwe fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà. Mo ní kó mú un wá kí n rí i, ó sì mú un wá.

Ẹni àkọ́kọ́ tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni Sister Bísí, tó ń gbé ní Thamesmead. Bàbá kan náà ló bí wa, ìyá wa ló yàtọ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi jù mí lọ. Ó ní lórí fóònù, "Àbúrò, ṣé iṣu lo fẹ́ máa sun ní London ni? Tan hítà, jàre. Ẹ̀yin tí iná kì í gbọ́ràn sí lẹ́nu." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí lè máa rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Èmi náà ìbá fi sílẹ̀, bí kì í bá ṣe ti Tómi. Tómi ni ọmọ ọmọ mi tó ń kàwé ní yunifásítì. Ní ọjọ́ Sunday kan ó lọ kí Bísí, nígbà tó dé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Grandma, Auntie Bísí ní mum ẹ ò mọ iná dá. Ó ní every morning ni wọ́n máa ń send ẹ wá beg iná lọ́dọ̀ mum òun. Ṣé true ni? It's so funny." Yorùbá tí Tómi gbọ́ kò ní ọ̀wọ̀ fún àgbà nínú, mo sì ti dárí ìyẹn jì í, nítorí èmi ni mi ò kọ́ ìyá ẹ̀ dáadáa. Ohun tí mi ò lè gbé mì ni ìyókù. Bí Bísí bá sọ ọ́ lójú mi, àgbà méjì ló ń bára wọn jà. Ṣùgbọ́n ó ti gbin ín sí etí ọmọ tí yóò wà láyé lẹ́yìn èmi àti òun. Bí mo bá kú lọ́la, ohun kan ṣoṣo tí Tómi máa mọ̀ nípa ìyá tó bí mi ni pé ó jẹ́ ọ̀lẹ obìnrin tó ń tọrọ iná kiri.

Òótọ́ sì ni pé a tọrọ iná. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Agboolé bàbá mi ní Ìkirè fẹ̀, yàrá yí àgbàlá ká, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dà gẹ̀ẹ́rẹ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ilé ìdáná Màmá Àgbà, ìyáálé ilé, tó bí Bísí, wà lókè lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn kan tí èso ẹ̀ kan ṣùgbọ́n tí òjìji ẹ̀ dára. Ti màmá mi, tí í ṣe ìyàwó kékeré, wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí gbogbo omi òjò ilé ń ṣàn gbà lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Màmá Àgbà fúnra ẹ̀ ló yan ibẹ̀ fún un lọ́sẹ̀ tí wọ́n gbé e wọlé. Ó ní ibẹ̀ tutù, ara á tu ìyàwó.

Láyé ìgbà yẹn, wọn kì í jẹ́ kí iná kú nínú ilé. Bí obìnrin bá se oúnjẹ alẹ́ tán, á kó ẹyin iná jọ, á fi eérú bò ó bí ẹni da aṣọ bo ọmọ. Nígbà tí àkùkọ bá kọ, á tú eérú náà, á ju ìhá àti èèpo ẹ̀kùrọ́ sí i, á fi ẹnu fẹ́ ẹ, iná á dìde. Ìṣáná wà nílé, ṣùgbọ́n inú àpótí tí Màmá Àgbà gbé sí ilé ìdáná ẹ̀ ló ń gbé, fún fìtílà nìkan. Obìnrin tí iná ẹ̀ bá kú á rán ọmọ lọ bu iná lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kò sẹ́ni tó máa sọ nǹkan kan. Ti màmá mi ń kú lójoojúmọ́.

Èmi ni mò ń lọ. Mo ní àpáàdì tèmi, àfọ́kù ìkòkò kan tó tẹ́ bí àwo, tí mo máa ń da eérú sí kí ó má baà jó mi lọ́wọ́. Ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ fún àlejò tí kò fẹ́ jókòó: "Ṣé iná lo wá bù ni?" Ẹni tó bu iná kì í dúró, torí bó bá dúró, iná á kú sí i lọ́wọ́. Màmá Àgbà mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dá mi dúró. Á bu ẹyin iná mẹ́ta sínú àpáàdì mi, á wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ṣé màmá rẹ ti jí? Kí ló ń fi òru ṣe tí iná fi ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́? Ṣé wọn kì í dáná nílé tí wọ́n ti gbé e wá ni? Mo gbọ́dọ̀ dá a lóhùn, mo sì gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀. Bí mo ṣe ń dáhùn ni mò ń wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi, bó ṣe ń pọ́n, bó ṣe ń ṣú, bó ṣe ń di funfun. Bísí á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹ̀, á máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, epo á máa ṣàn lẹ́nu ẹ̀. "Ó tún ti dé," ló máa ń wí, bí ẹni pé ewúrẹ́ aládùúgbò ni mí. Nígbà mìíràn kí n tó sọ̀kalẹ̀ dé ìdí ààrò wa, gbogbo ẹ̀ ti di èédú, màá sì tún padà lọ kúnlẹ̀.

Màmá mi kì í bínú. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Lọ́jọ́ kejì tí Dáre wá, ó ti gbá ọ̀nà èéfín mọ́, ó ti kó ìtẹ́ ẹyẹ àti àfọ́kù bíríkì kún báàgì mẹ́rin. Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó na ọwọ́ sí ìdí ihò náà, ó sì bu ẹ̀kúnwọ́ ẹrẹ̀ dúdú jáde. "Mummy, ẹ wo nǹkan. Chimney yín ò ní fìlà lórí. Ọjọ́ tó ti pẹ́ lòjò ti ń rọ̀ tààrà wọ ibí yìí. Àwọn tó ń dáná síbí nígbà yẹn, wọ́n á ti suffer gan-an. Iná wọn á kàn máa kú ni."

Mo ní, "Bí wọ́n bá mọ iná dá ńkọ́?"

"Kò lè jó, Mummy. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ń dáná. Ilẹ̀ ló tutù."

Mo ní kó tún un sọ. Ó wò mí bí ẹni tó rò pé etí mi ti ń lọ, ó sì rọra tún un sọ, sókè díẹ̀.

Màmá mi ti mọ̀ ṣáájú ẹ̀. Ní àárín ọyẹ́, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ Ìkirè gbẹ tó ń sán, ó mú ọkọ́, ó wú ìdí ààrò wa, ó sì rí i pé amọ̀ abẹ́ ẹ̀ ṣì ń rin. Kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ó ru ọpọ́n, ó gba ọ̀nà oko lọ, níbi tí òkìtì ògán pupa kan wà, èmi sì gbé igbá kékeré tẹ̀ lé e. Amọ̀ ògán kì í fa omi bí ilẹ̀ lásán. Àwọn kòkòrò tó mọ ọ́n kì í gbé inú ẹrẹ̀. Ìrìn mẹ́fà la rìn. Ó kọ́kọ́ tẹ́ àfọ́kù ìkòkò sílẹ̀, ó da èèpo ẹ̀kùrọ́ lé e nípọn, ó wá fi amọ̀ tó ti pò mọ́ koríko gígé mọ ààrò náà sókè, ó sì gbẹ́ ọ̀nà omi yí ilé ìdáná ká. Ọjọ́ mẹ́ta la fi jẹ gààrí olómi tútù kí ó tó gbẹ. Àwọn obìnrin ilé ń kọjá, wọ́n ń ní, "Ìyàwó, ṣé ìtẹ́ ọba lò ń mọ ni?" Màmá mi á ní, "Ẹ kú ìrìn o, mà."

Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin ó fi eérú bo iná. Nígbà tó tú u láàárọ̀, inú ẹ̀ pọ́n bí ẹyìn. Mo fò sókè. Ó ní kí n rọra, kí n má da eruku sí ọbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà: èmi ni ọmọ obìnrin yẹn. Ìwé tó bá sítóòfù mi wá nípọn, mo sì kà á tán pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́, bí mo ṣe máa ń ka ìwé oògùn kí n tó fún aláìsàn. Dáre ti fi irin tuntun gbé bíríkì òkè ihò náà dúró, ó ti ju páìpù onírin tó ń tẹ̀ bí ejò látorí òrùlé wá sísàlẹ̀, ó ti dé ọ̀nà èéfín náà ní fìlà. Ó wá gbé òkúta dúdú pẹlẹbẹ tí sítóòfù máa dúró lé wá. Mo ní òkúta náà kò yọ síwájú tó, pé iná lè ta sórí pákó ilẹ̀ mi.

"Mummy, ó tó."

"Wọ̀n ọ́n."

Ó wọ̀n ọ́n. Ó gbé òkúta náà padà sínú ọkọ̀, ó lọ mú èyí tó fẹ̀ jù ú lọ wá. Nígbà tó dé, ó ní, "Ẹ̀yin ò bá ti di inspector, mà." Mo ní mo ti ṣe ju ìyẹn lọ, mo ti ṣe olórí wọ́ọ̀dù.

Ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ Ìkirè kò gùn. Ní àkókò òjò ọdún yẹn, òjò kan rọ̀ mọ́jú, atẹ́gùn sì ká ewé òrùlé ilé ìdáná Màmá Àgbà kúrò. Omi bọ́ sórí ààrò ẹ̀, ó bọ́ sínú àpótí tí ìṣáná wà. Ilẹ̀ mọ́, kò sí iná lókè. Nísàlẹ̀, iná wa ń jó. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rí Bísí tó ń bọ̀ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú àpáàdì, orí ẹ̀ sì wà nílẹ̀. Mo ti fi ọdún kan kó ìbéèrè jọ. Mo ní, "Ṣé màmá rẹ ti jí? Kí ló ń fi òru ṣe tí iná fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́?" Èyí tó kẹ́yìn kò tíì jáde lẹ́nu mi tí màmá mi fi fà mí létí wọlé. Ó gba àpáàdì lọ́wọ́ Bísí, ó bu ẹyin iná kún un, ó ní, "Sáré, ọmọ mi, kó má kú mọ́ ẹ lọ́wọ́."

Mo ti tọ́jú ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn, mo ti sin ọkọ, mo sì ti kà nínú Bíbélì pé ká máa dárí jini. Mi ò tíì dárí ìwà rere yẹn ji màmá mi tán. Nítorí kò sẹ́ni tó dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ láé. Nígbà tó kú, mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní London, mi ò lè lọ sin ín, ìtàn tó sì kù nílé ni pé a máa ń tọrọ iná.

Lọ́jọ́ Sátidé tí Dáre parí, ó fi ẹ̀rọ kékeré tó ń ké bí èéfín olóró bá wọlé mọ́ ògiri, ó fún mi ní ìwé ẹ̀rí, ó sì lọ. Bísí wọ bọ́ọ̀sì wá láti Thamesmead pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ ẹ̀ àti bisikí nínú ọ̀rá. Tómi náà wá. Bísí jókòó sí àga tó dára jù, ó wo sítóòfù náà tìfuratìfura. "Ó ga o. Ṣé ó máa wá jó báyìí?"

Mo kúnlẹ̀, ó sì gba àkókò, nítorí orúnkún mi kì í ṣe ti àná. Mo to igi ńlá sísàlẹ̀, mo to wẹ́wẹ́ sórí ẹ̀, bí ìwé ṣe wí.

"O ti dojú ẹ̀ délẹ̀," Bísí wí. "Wẹ́wẹ́ ló ń gbé ìsàlẹ̀."

Mo ṣáná sí i lórí. Ó kọ́kọ́ ń ṣe bí ẹni tó ń ronú, ó wá ràn, ó ń jó láti òkè bọ̀ wálẹ̀, láìsí èéfín kankan. Tómi pàtẹ́wọ́. Bísí mú bisikí kan, ó kọjú sí i. "Tómi, wò ó, grandma ẹ ti wá mọ iná dá lọ́jọ́ ogbó. Láyé àtijọ́, bó bá ti di àárọ̀..."

"Bísí," ni mo wí.

Láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, Sister Bísí ni mo ń pè é lójú ẹ̀. Tómi tí kò mọ 'ẹ' gan-an gbójú sókè kúrò lórí fóònù ẹ̀. Mi ò yíjú padà. Mo ní, "Bísí, lọ́jọ́ tí òjò pa iná ìyá rẹ, ta ló bu iná fún ọ?"

"Màmá ẹ ni."

"Báwo ló ṣe pọ̀ tó?"

"Ó kún àpáàdì." Ó gbé bisikí sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n o ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo gbé e délé. Mo sáré, kò kú, ó ṣì pọ́n. Mo rò pé inú màmá mi á dùn. Wọ́n bi mí níbi tí mo ti bù ú, mo sọ. Wọ́n gbé omi, wọ́n dà á sí i lójú mi. Wọ́n ní àwọn ò ní fi iná ìyàwó se oúnjẹ ọkọ àwọn. Wọ́n nà mí, àbúrò. Títí ọ̀sán a ò rí nǹkan gbígbóná jẹ. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ pé mo sọ̀kalẹ̀ lọ bu iná, mi ò ní dé iwájú àwọn mọ́."

Mi ò mọ̀. Gbogbo ọdún yẹn, mo rò pé iná wa ni wọ́n fi se oúnjẹ lọ́jọ́ náà.

"Ìyẹn lo fi ń sọ tiwa kiri?"

"Ọmọdé ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Nígbà tí mo dàgbà, ó ti mọ́ mi lẹ́nu."

Bó bá jẹ́ màmá mi, á ti di ọwọ́ ẹ̀ mú. Èmi kọ́. Mo rọ́jú dìde, mo jókòó sí àga tó kọjú sí tiẹ̀, mo ní, "Sọ fún Tómi."

"Ó ti gbọ́ ná."

"Òun ni kó o sọ ọ́ fún."

Sister Bísí gbọn ẹ̀rún bisikí kúrò lára, ó kọjú sí ọmọ náà. "Ìyá grandma ẹ, Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ wọn. Ibi tí omi ń gbà ni màmá mi fi wọ́n sí. Wọ́n fọwọ́ ara wọn mọ ààrò síbẹ̀, kò sí irú ẹ̀ nínú agboolé wa. Èmi náà bu iná níbẹ̀." Tómi tẹ orúkọ náà sínú fóònù ẹ̀, ó sì bi í bí wọ́n ṣe ń fi ẹrẹ̀ mọ ààrò. Bísí kò mọ̀, ó tọ́ka sí mi. Mo sì ṣàlàyé rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kò sí ọmọ tí wọ́n ń rán lọ bu iná mọ́. Ní òpópó mi yìí, iná kálukú wà nínú páìpù tàbí nínú wáyà, mi ò sì lè mọ̀ bí ilé aládùúgbò mi bá tutù. Ohun tí kò tíì yí padà ni pé wọ́n ṣì máa ń wo ọwọ́ ẹni tó ń dáná kí wọ́n tó wo ilẹ̀ tí wọ́n fún un. Mo rí i ní ọsibítù kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Wọ́n kó àwa nọ́ọ̀sì tó ti òkèèrè wá sí wọ́ọ̀dù tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ, ọ̀gá wa wá kọ ọ́ sínú ìwé pé a kì í yára. Mo gba wọ́ọ̀dù yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Mi ò fà á létí, ṣùgbọ́n mi ò bu nǹkan kan fún un.

Tómi sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun gbọ́ tí Auntie Bísí ń sọ fún obìnrin kan nínú bọ́ọ̀sì nípa ààrò ńlá kan tí ìyàwó bàbá òun mọ ní Ìkirè, tó ga débi pé ó kan òun láyà. Orúnkún mi ni ààrò náà dé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sì ni mí nígbà náà. Mo bi Tómi pé kí ló sọ. Ó ní òun ò sọ nǹkan kan. Mo ní kó má sọ fún un pé kò ga tó bẹ́ẹ̀.